Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Sípíkà

Àwọn ará àdúgbò ló sọ àbúrò mi ọkùnrin ní Má-Wo-Nọ́ńbà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí wa sọ ọ́ lọ. Tí ẹ bá béèrè ọkùnrin tó ń ta sípíkà, tó sì ń tún un ṣe, wọn á máa wò yín níran. Àmọ́ tí ẹ bá ti ní Má-Wo-Nọ́ńbà lẹ ń wá, wọn á nawọ́ sí ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, wọn á ní kẹ́ ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí obìnrin kan tó lejú koko jókòó sí ẹnu rẹ̀. Èmi ni obìnrin náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ibẹ̀ ni ẹ̀rín mi parí sí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ilé sú mi láàárín oṣù kan, ni mo bá gbé àga mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, mo ń bá a ta wáyà àti bátìrì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra sípíkà sílé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á yí i padà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wáàtì ló ń wá. Tí èyí bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí ìyẹn bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹgbẹ̀rún ló máa gbé. Ó máa ń bí mi nínú. Mo ti fi nọ́ńbà jẹun láyé mi, mo mọ iye irọ́ tí èèyàn lè fi í pa.

Àbúrò mi kì í bínú ní tiẹ̀. Á fa àga fún oníbàárà, á ní wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà, iye iná tó lè gbà mọ́ra kó tó jóná ni, pé kò sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ròkè tó. Á ní sípíkà méjì lè gba iná kan náà, kí ọ̀kan ké tantan, kí èkejì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò jẹun kánú, nítorí pé ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń sọ iná díẹ̀ di ohùn, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Á ní tí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, etí kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yàtọ̀. Á ní nínú pálọ̀ téèyàn ti ń gbọ́ ìròyìn àti orin jẹ́jẹ́, iná tí sípíkà ń lò kò tó ti gílóòbù kékeré kan. Á ní àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń kọ iye tí sípíkà lè fara dà fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, bí ìgbà tí èèyàn bá ní òun lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta nítorí pé ó ti gbé e ṣubú rí. Á wá ní kí wọ́n lọ wo bí yàrá wọn ṣe tóbi tó, kí wọ́n wo ampilifáyà tó máa ti ohùn náà jáde, kí wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́ ọ kí wọ́n tó ra á.

Tí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ wọ́n létí, aṣọ dúdú kan wà tí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, rán fún un. Á fà á bo àwọn sípíkà náà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nọ́ńbà, á wá tan wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Onígbàjámọ̀ kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ra sípíkà sí pálọ̀ tí kò gbà ju àga mẹ́ta lọ. Ó ní òun ò fẹ́ èyí tí wáàtì rẹ̀ bá dín ní ẹgbẹ̀rún, kí àwọn àlejò òun lè mọ̀ pé ilé ọkùnrin ni wọ́n dé. Àbúrò mi fa aṣọ bo méjì. Ọkùnrin náà dijú, ó gbọ́ méjèèjì, ó ní ti apá òsì ló wọ òun lára. A ṣí aṣọ, ogójì wáàtì ni. Inú bí i, ó ní a ti gbé e pààrọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó ra ẹlẹ́gbẹ̀rún náà tìbínú-tìbínú, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé e padà wá, ó ní orí ń fọ́ ìyàwó òun. Mo bi í bóyá àwọn àlejò ti mọ̀ pé ilé ọkùnrin ni wọ́n dé. Àbúrò mi ní kí n jọ̀ọ́ máa wo bátìrì mi.

Àbúrò mi kì í fi orin dán sípíkà wò. Ó ní orin máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀, àmọ́ gbogbo wa la mọ bí ohùn èèyàn ṣe ń rí, tí sípíkà bá ti bà á jẹ́, etí á mọ̀. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì kan wà tó gba ohùn ọmọ rẹ̀ sí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, obìnrin. Aláròyé là ń pè é nílé, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kò ti dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn náà, òjò ń rọ̀, oníbàárà kankan kò wá. Bàbá rẹ̀ ní kó kàn sọ pé òsì nìyí, ọ̀tún nìyí, kó sì ka ení, èjì, dé ẹẹ́wàá, kí a lè fi mọ̀ bóyá sípíkà méjèèjì ń ṣiṣẹ́.

Ṣé Aláròyé lẹ ń sọ pé kó mọ níbẹ̀? Nígbà tó ka nọ́ńbà dé eéje, ó bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé bàbá rẹ̀ ń jùwọ́ sí i pé kó rọra. Ó ní kí ẹni tó bá ń gbọ́ òun jọ̀ọ́ ra sípíkà yìí, bàbá òun ti ṣèlérí bàtà fún òun láti ọdún tó kọjá. Ẹ máa gbọ́ tí bàbá náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pè é láti inú ilé lọ́hùn-ún, òun náà á dáhùn pé òun ń bọ̀, bàtà rẹ̀ á sì máa dún lọ pátá-pátá. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọdún mẹ́ta gbáko ni gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà fi gbọ́ ọ, kò sì sí èyí tí kò rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kú. Ó ní orí ń fọ́ òun lọ́jọ́ Ajé, a rò pé ibà ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ti sin ín.

Oṣù méjì ni àbúrò mi fi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọjọ́ tó ṣí i padà, obìnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí sípíkà kan ṣe ń dún. Ọwọ́ àbúrò mi lọ síbi tó máa ń lọ láti ọjọ́ yìí wá, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi fi obìnrin náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Èmi ni mo pa ẹ̀rọ náà, èmi ni mo sọ fún oníbàárà pé kó máa lọ, kò sí ohun tó ṣe. Láti ọjọ́ náà lọ, ohùn ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn ló fi ń dán sípíkà wò. Ó ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì ọmọ náà mẹ́ta, ó fi ọ̀kan sọ́dọ̀ mi, ó kó ìyókù lọ sílé.

Ìyàwó wa ló wá gba kásẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni gba oògùn. Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á tan án lẹ́ẹ̀kan, lórí sípíkà kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Kì í sunkún. Á kàn máa bá ọmọ náà ka nọ́ńbà, ètè rẹ̀ á máa mì. Tó bá parí, á pa á, á ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í dúró gbọ́ ọ. Tó bá ti rí i pé ìyàwó òun ń nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, á wọ bàtà, á jáde. Mo rò nígbà yẹn pé kò lè fara dà á ni, mi ò sì bi í.

Ó tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ kí etí ìyàwó wa tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Àwa ò mọ̀ pé etí ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kásẹ́ẹ̀tì ti ń gbó, pé ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ sínú. Ọkọ rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ, ó fi ẹ̀dà tuntun sí i. Ìyàwó wa ní bákan náà ni. Ọkọ rẹ̀ bá tú sípíkà kékeré náà palẹ̀, ó wo gbogbo inú rẹ̀, ó tò ó padà, ó gbé etí lé e. Ó mọ́ bí omi. Ó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ó jókòó títí tí oúnjẹ tí mo bù fún un fi tutù. Ó wá ní sípíkà náà kò ṣe nǹkan kan.

Dókítà etí tí a gbé e lọ bá ní iṣan tó wà nínú etí ló ń kú, pé ohùn tó tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyókù á tẹ̀ lé e, àti pé kí ọdún tó yípo, gbogbo rẹ̀ lè ti dí. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń súfèé. Ó ń jẹ́ kó gbọ́ fèrè mọ́tò, kò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ fún oṣù kan, ó jù ú sínú agolo bọ́tìnnì. Ìyàwó wa kò bẹ̀bẹ̀ pé kí etí òun dá. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́, kí òun gbọ́ ọmọ òun dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré kí ilẹ̀kùn náà tó tì. Ó wá wo sípíkà tó dà bíi páálí bàtà, ó ní èyí kò lágbára. Ó ní kí ọkọ òun ra èyí tí wáàtì rẹ̀ pọ̀.

Èmi gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jọ sọ ọ́. Gbogbo ìwàásù tí àbúrò mi máa ń ṣe fún oníbàárà ló tún kọ sórí páálí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé aṣọ, tó ń nà án sí i: wáàtì kọ́ ni ohùn, bó ti wù kó pọ̀ tó, ohun tó máa fi kún un kò tó nǹkan, ìró ńlá ló máa pariwo, ìró tó tín-ín-rín tó ń mú kí ọ̀rọ̀ já geere kò ní padà wá. Ìyàwó wa kà á dé òpin. Ó ju páálí náà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ kì í tiẹ̀ dúró gbọ́ ọmọ yìí tí mo bá tan án. Ní báyìí tí èmi fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ ní kò ṣeé ṣe. Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ ohùn rẹ̀ ni?”

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú páálí nílẹ̀, ó gbé e padà síbi tí wọ́n ń tò ó sí.

Ẹ wá wo èmi. Ní ọjọ́ kejì, mo kò ó lójú ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ìmọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju àánú rẹ̀ lọ. Mo ní kí ló ń dà á láàmú tó bá gbé sípíkà ńlá kan wọlé fún obìnrin tí etí rẹ̀ ń kú, ṣé nítorí kí wọ́n má bàa fi Má-Wo-Nọ́ńbà ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò ni? Ó rọra gbé irin tó fi ń jó òjé mọ́ wáyà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Bí sípíkà ńlá kò bá sí nílé, ó lè máa rò pé èyí tó lè jẹ́ kí òun gbọ́ ọmọ náà wà níbì kan. Tí mo bá gbé e wá, tí kò sì gbọ́, kí ló kù tó máa rò?” Mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi. Síbẹ̀, mo ní kó lọ ra á. Kò sí ọjọ́ tí kì í dùn mí.

Ó lọ sí òdìkejì ìlú lọ ra á, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ló gbé e dé, àpótí méjì tó ga dé ìbàdí mi, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ nọ́ńbà sí níwájú gbàgàdà, kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀yìn mọ́, pẹ̀lú ampilifáyà kan tó wúwo bí ọlọ. Ìyàwó wa ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ nu nọ́ńbà náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ń tó ọdún márùn-ún tí mi ò ti rí eyín rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbé àga sí àárín àwọn àpótí náà, ó mú un jókòó. Ó tan án. Ọmọ náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kún gbogbo pálọ̀. Ìyàwó wa mi orí pé rárá. Ọkọ rẹ̀ yí i sókè. Gíláàsì ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn ọmọ wa ń ka nọ́ńbà bí ẹni tó ń bá gbogbo àdúgbò jà. Ìyàwó wa tún mi orí, ó ní òun ń gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe hòò-hòò, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Aládùúgbò kan ti wá kanlẹ̀kùn, mo lọ lé e padà. Mo di etí mi bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo rí àbúrò mi tó dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń yí i sókè sí i. Òun tó jẹ́ pé tí oníbàárà bá yí ohùn kọjá ààbọ̀, á bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú sípíkà.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó wa dìde lórí àga. Ó kúnlẹ̀ ti àpótí kan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i láyà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó dijú. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Mo gbọ́ ọ. Òun ni. Mo gbọ́ ọ.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Àbúrò mi fara ti ògiri. Kásẹ́ẹ̀tì náà parí, ẹ̀rọ náà ké kẹ́, ó dúró. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ láti pa ampilifáyà, ìyàwó wa sì sọ láìlajú pé kó má pa á, ọmọ òun ṣì ń sọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ampilifáyà olówó ńlá náà kò dára tó bí wọ́n ṣe pọ́n ọn. Iná ń kùn nínú rẹ̀, ìró yẹn ló ń gbọn àpótí náà jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí oyin bá wà nínú igi. Ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ ìyàwó wa nìyẹn. Mo la ẹnu, àbúrò mi wò mí. Mo pa á dé.

Láti ìgbà náà lọ, kò sí àárọ̀ tí kì í kúnlẹ̀ ti àpótí náà. Ọkọ rẹ̀ kò jáde mọ́ tó bá ti ń ṣe é. Òun ló ń ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, òun ló ń tan án, ó sì ń dúró tì í títí á fi gbé ọwọ́ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì á ti parí tipẹ́, tí yóò ku kíkùn nìkan. Mo ní kó tún un ṣe, ó kéré tán kí kíkùn náà dúró, kí obìnrin náà má máa bá iná sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún un. Nílé ẹlòmíràn, ó lè tún un ṣe láìmu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó ní tí òun bá mú un kúrò, kí ni ìyàwó òun máa máa gbọ́?

Kí ọdún tó yípo lóòótọ́, bí dókítà ti sọ, etí ìyàwó wa dí pátápátá. Páálí la fi ń bá a sọ̀rọ̀, òun á sì fi ẹnu dá wa lóhùn. Ohùn rẹ̀ wá di ńlá. Ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tó ń pariwo? Tó bá ní kí wọ́n gbé omi wá, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á yíjú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo mú aṣọ kan lọ fún un pé kó bá mi dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù. Àbúrò mi ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì, kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín àwa àti òun. Ìyàwó wa fi abẹ́rẹ́ so aṣọ náà mọ́ mi lára, ó wo apá kíṣìnì, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà, ẹ má jẹ́ kó dé etí rẹ̀.”

Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Mo yára fi ìka lé ètè mi. Ó rò pé mò ń bá a ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́ ni, ó mi orí, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Mi ò gbọ́ ọmọ yẹn rí nínú sípíkà ńlá yìí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mi ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Àpótí ló kàn ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì náà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ṣebí ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ yẹn burú, Ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin tó ti ń bá gbogbo ayé jà lórí nọ́ńbà, ó lọ ra nọ́ńbà nítorí ẹnu mi. Mo lajú díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí i tó ń sunkún, tó ń yí i sókè. Tí n bá ní mi ò gbọ́, ó máa lọ wá èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Mo bá ní mo gbọ́.”

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó yọ ọ́ kúrò jẹ́jẹ́. Nínú kíṣìnì, omi ti dúró.

“Ohùn ọmọ náà ti ń lọ lórí mi,” ó ní. “Mo máa ń rántí ojú rẹ̀. Bó ṣe ń pè mí, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ó dà bí ẹni pé inú bàbá rẹ̀ ń dùn báyìí, ó ti ń dúró nílé láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé mò ń gbọ́ ọ.”

Ó padà sídìí aṣọ mi. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Èmi tí n kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu mi, mo mọ ti ọkọ, mo mọ ti ìyàwó, kò sì sí èyí tí mo lè sọ fún ẹnì kankan nínú wọn. Ọjọ́ tí a sin ọmọ náà gan-an kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, tó sì padé. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí àbúrò mi tó gba iwájú ilé wọlé, bí ẹni tó ti ojú ọ̀nà dé. Omi abọ́ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó lọ sídìí ampilifáyà, ó tan án, ó sì yí i sókè títí àpótí fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ìyẹn fi aṣọ mi sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bó ṣe máa ń ṣe. Àbúrò mi kúnlẹ̀ ti àpótí kejì, òun náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Wọ́n ń wo ara wọn.

“Ó ń sọ̀rọ̀,” ìyàwó wa ní, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Àbúrò mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ń gbọ́. Kò tiẹ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì kankan bọ ẹ̀rọ náà.